Nígbà tí ara bá kọ ọtí: Kí ló dé tí ife kan ṣoṣo fi ń dá àwọn kan dùbúlẹ̀?

Ní ọjọ́ Sátidé ní ìlú Accra, ó ṣòro kí ènìyàn rìn jìnnà kó má bá àgọ́ ìsìnkú pàdé. Aṣọ pupa àti dúdú, àga oníke funfun, gbohùngbohùn tó ń ké bí ààrá, àti ọtí. Ọtí ni wọ́n fi ń kí àlejò káàbọ̀, òun ni wọ́n fi ń pe àwọn baba ńlá, òun náà ni wọ́n fi ń sin ẹni tó wá láti ọ̀nà jíjìn sọ́nà. Ẹni tó bá sọ níbẹ̀ pé òun kò mu gbọ́dọ̀ ní àlàyé tó múná dóko. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí láti Nima tàbí Sabon Zongo, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí ìjọ rẹ̀ bá ka ọtí léèwọ̀, wọ́n á bá a wá mọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní "ara mi ni kò gbà á", ẹ̀rín ni wọ́n á fi rín in, wọ́n á sì tún bu òmíràn sínú ife rẹ̀.

Èmi náà ti bá ara mi nínú irú ipò yẹn rí. Ní àdúgbò Osu ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ra bíà fún mi, n kò sì tíì mu ún dé ìdajì tí ojú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, tí àyà mi ń lù kìkì, tí orí sì ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú. Mo bì lójú gbogbo ènìyàn. Kí n tó gbé orí sókè, àwọn tó jókòó ti tábìlì wa ti ń fi ojú burúkú wo ọ̀rẹ́ mi tó ra ọtí náà. Ẹnìkan ti ń béèrè bóyá ojú mi ni wọ́n ti ṣí ìgò ọ̀hún. Irú bíà kan náà tí mo ti ń mu láti bí ọdún mẹ́wàá ni. Màá sọ ohun tó fà á nísàlẹ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi.

Láwùjọ wa, bí ẹnìkan bá mutí tó sì ṣubú lulẹ̀, májèlé tàbí iṣẹ́ ayé ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀rẹ́ ti tú ká nítorí irú ìfura bẹ́ẹ̀. Ó sì tún ń jẹ́ kí ohun tó ń ṣe aláìsàn gan-an sá pamọ́ fún dókítà.

Kí ni ara ń ṣe sí ọtí?

Ẹ̀dọ̀ ni ibi tí ara ti ń tú ọtí palẹ̀, ìgbésẹ̀ méjì ló sì ń gbà ṣe é. Ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀dọ̀ á sọ ọtí di èròjà kan tí wọ́n ń pè ní acetaldehyde. Májèlé ni èròjà yìí. Òun ló ń mú kí ojú gbóná, kí àyà máa sáré lù, kí èébì sì máa gbé ni. Ní ìgbésẹ̀ kejì, ara á yára sọ májèlé náà di acetate, tí kò léwu. Èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ kejì yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ní ALDH2.

Nínú ara ọ̀pọ̀ ènìyàn, kíá ni ìgbésẹ̀ kejì máa ń tẹ̀lé èkíní. Bí ALDH2 kò bá ṣiṣẹ́, ńṣe ni májèlé náà yóò máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, bí ìgbà tí ọkọ̀ bá ń já ẹrù sílẹ̀ ní ọjà Makola tí kò sí kayayei kankan tí yóò rù ú kúrò. Èyí ni àìfaradà ọtí. Kò bá ìmutípara tan. Ẹni tó mutí yó ti mu ju agbára rẹ̀ lọ, ẹni tí ara rẹ̀ kò fara da ọtí sì lè má tíì mu ju ẹnu méjì lọ.

Ní ìlà oòrùn Asia, ní China, Japan àti Korea, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n bí àléébù yìí mọ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2009 pé ó wà lára nǹkan bíi ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará agbègbè náà, ìyẹn nǹkan bíi 540 mílíọ̀nù ènìyàn. Ojú wọn máa ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ife kan. Ewu rẹ̀ sì kọjá ojú pípọ́n, nítorí àwọn tó ní àléébù yìí tí wọ́n sì ń fi tipátipá mutí súnmọ́ àrùn jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ju àwọn mìíràn lọ. Àwọn kan nínú wọn a máa lo oògùn ọgbẹ́ inú kí wọ́n tó lọ sí òde àríyá, kí ojú wọn má baà pọ́n. Àmì ni oògùn náà ń bò mọ́lẹ̀. Májèlé ṣì wà níbi tó wà.

Ṣùgbọ́n ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àléébù ti Asia yìí ṣọ̀wọ́n gan-an. Èyí tí àwọn onímọ̀ rí lára àwọn kan tó jẹ́ ẹ̀yà Áfíríkà yàtọ̀: ADH1B*3 ni orúkọ rẹ̀, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń mú yára. Ìwádìí fi hàn pé ewu àti di ẹrú ọtí kéré díẹ̀ lára àwọn tó ní in. Ọ̀pọ̀ àlàyé tó wà káàkiri lórí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n kọ pẹ̀lú àwọn ará Asia lọ́kàn, ó sì ń ṣi àwọn ará ibí lọ́nà. Bí ọmọ Ghana tàbí ọmọ Yorùbá bá sọ pé ọtí ń bá ara òun jà, pàápàá ẹni tí kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibòmíràn ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn ìwé wọ̀nyẹn kì í sọ. Wọ́n ní kí a máa ṣọ́ ojú tó ń pọ́n. Lára àwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn kì í hàn. Ohun tí ẹ máa rí ni ẹyinjú tó pọ́n, ìgbóná tó ń jáde ní ọrùn àti etí, àti ọrùn ọwọ́ tó ń lù kíkankíkan bí ẹ bá fi ìka kàn án. Ẹni tí ẹ̀ ń wò lè máa jìyà kí gbogbo tábìlì sì rò pé àdábọwọ́ lásán ló ń ṣe.

Olú tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ìkìlọ̀

Àwọn Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ohun kan wà tó lè sọ ọtí di ọ̀tá ara. Olú kan wà tí wọ́n ń pè ní ajẹìmutín, èyí tí àwọn onímọ̀ nípa olú mọ̀ sí Coprinus africanus. Orúkọ náà túmọ̀ ara rẹ̀: ohun tí a ń jẹ tí a kì í mutí sí. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lásán jẹ ẹ́ gbé. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tó sì gbé ẹmu lé e ni yóò rí ìjà.

Mo máa ń ronú lórí orúkọ yẹn. Tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ ALDH2, ẹnìkan ti jókòó ro ọ̀rọ̀ náà, ó ti rí i pé kì í ṣe olú nìkan ló bá òun jà, kì í sì í ṣe ẹmu nìkan, bí kò ṣe ìpàdé àwọn méjèèjì. Ó wá fi ìkìlọ̀ náà sínú orúkọ, kí ọmọ tó ń lọ he olú má baà gbàgbé. Ní Yúróòpù, ibátan olú yìí kan tó ń jẹ́ Coprinopsis atramentaria náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti rí èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n pè é ní coprine, wọ́n sì rí i pé ńṣe ló ń so ALDH2 lọ́wọ́.

Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà rí oògùn tí wọ́n ń fún àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí. Ní ọdún 1937, dókítà kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ kan èròjà kan tí wọ́n fi ń ṣe rọ́bà kò lè fẹnu kan ọtí mọ́. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní Denmark, Jens Hald àti Erik Jacobsen ń wá oògùn aràn, wọ́n sì kọ́kọ́ lo ọ̀kan nínú irú èròjà bẹ́ẹ̀ fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n mutí lẹ́yìn náà, ara wọn kọ̀ ọ́. Wọ́n gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1948. Disulfiram ni èròjà náà, Antabuse ni ọjà mọ̀ ọ́n sí.

Oògùn wo ni ẹ lò lọ́sẹ̀ yìí?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Accra kò ní fojú kan Antabuse láéláé. Metronidazole ńkọ́? Flagyl ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, láti Èkó dé Lomé dé Accra. Ìgbẹ́ gbuuru díẹ̀, Flagyl. Inú rírun díẹ̀, Flagyl. Ìkìlọ̀ tó wà nínú ìwé ìlò rẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá mutí sí i, ojú lè gbóná, orí lè fọ́, àyà lè máa sáré lù, èébì sì lè gbé e. Àwọn ìwádìí kan ní àìpẹ́ yìí ti ń béèrè bóyá ìjà náà wọ́pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Síbẹ̀ ìkìlọ̀ náà kò tíì kúrò: kí ẹni tó ń lò ó má mutí títí wákàtí 48 yóò fi kọjá lẹ́yìn èyí tó lò kẹ́yìn, ní Amẹ́ríkà wọ́n tilẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta. Ti tinidazole, ọmọ ìyá rẹ̀, jẹ́ wákàtí 72.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Osu nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ bá apoògùn kan, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì bi mí: "Ẹ jọ̀ọ́, oògùn wo lẹ lò lọ́sẹ̀ yìí?" Mo ní n kò lo oògùn kankan. Ó tún un béèrè. Ìgbà náà ni mo rántí pé inú ti run mí ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, mo sì ti ra Flagyl lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tó tà á fún mi fi àlùmọ́gàjí gé iye tí mo fẹ́ kúrò lára páálí, ó fi bébà wé e. Ìwé ìlò wà nínú páálí tó kù sọ́wọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gé oògùn tà yìí ló mú kí ìkìlọ̀ má máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ara. Kì í sì í ṣe Flagyl nìkan. Griseofulvin tí wọ́n fi ń wo làpálàpá, àwọn abẹ́rẹ́ agbógun-ti-kòkòrò kan tó jẹ́ ẹbí cephalosporin, àti chlorpropamide, oògùn àtọ̀gbẹ àtijọ́, wà lára àwọn tó lè bá ọtí jà bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ irú ọtí kan ṣoṣo ló ń bá yín jà

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wáìnì pupa nìkan ni ọ̀tá wọn, àwọn mìíràn sì ń mu pito láìsí wàhálà àmọ́ bíà inú ìgò á mú kí ara wọn sú. Èyí fi hàn pé ọtí fúnra rẹ̀ kọ́ lẹlẹ́ṣẹ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe é ni.

Bíà tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé, ọkà báálì ni wọ́n fi ń ṣe é, nígbà mìíràn àlìkámà. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ àwọn ọkà wọ̀nyí yóò rí ìjà nínú bíà. Pito tí àwọn ará àríwá Ghana ń pọn, ọkà bàbà ni, ọkà bàbà kò sì ní èròjà gluten tó wà nínú báálì àti àlìkámà. Ní Ghana, láti ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ Accra Brewery ti ń ta bíà Eagle tí wọ́n fi pákí ṣe. Ní Nàìjíríà, nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé ní ọdún 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé-iṣẹ́ bíà sá lọ bá. Nítorí náà "bíà" kì í ṣe ohun kan náà láti ìgò dé ìgò, wọ́n sì tún lè da ọkà méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Ara ìgò ni kí ẹ ti kà á.

Wáìnì ní tirẹ̀ ní sulphite, tí wọ́n fi ń pa á mọ́ kó má baà bàjẹ́. Ìdí nìyí tí òfin Yúróòpù fi ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ìgò bí ó bá ti ju mílígíráàmù 10 lọ nínú lítà kan. Àwọn tó ní ikọ́ fée ló yẹ kó bẹ̀rù rẹ̀ jù, nítorí ó lè dí èémí wọn. Wáìnì pupa tún ní histamine, tó lè fa orí fífọ́, imú dídí àti ara gbígbóná fún ẹni tí ara rẹ̀ kò tètè tú u palẹ̀.

Ìwọ̀nyí, ìnira ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àlẹ́jì tòótọ́ yàtọ̀, ó sì lè pa ènìyàn. Bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, bí ara bá sú jákèjádò, bí èémí kò bá já gaara, tí òòyì sì ń kọ́ ẹni náà bí ẹni tó fẹ́ dákú, kò sí àyè àgbo níbẹ̀, ilé ìwòsàn ni. Ní Ghana, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, 193 sì ni ti ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn.

Ó kù díẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n. Bí kókó ara bá ń dun ènìyàn ní ọrùn tàbí abíyá ní gbogbo ìgbà tó bá mutí, kó lọ rí dókítà, nítorí ó ti jẹ́ àmì jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ń pè ní Hodgkin rí, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ti ń darúgbó kò ní gba ọtí mọ́ bíi ti ìgbà èwe rẹ̀. Omi ara ló dínkù, àìsàn kọ́.

Ọtí tó wọ aṣọ oògùn

Ẹni tó ti mọ̀ pé ọtí kò bá òun lára mu lè sá fún bíà kó sì bọ́ sọ́wọ́ bitters. Ní àwọn gáréèjì Accra, wọ́n ń polówó rẹ̀ fún ẹ̀yìn dídùn, fún àárẹ̀, fún agbára ọkùnrin. Egbò ni wọ́n ń pariwo. Wọn kì í pariwo ọtí tí wọ́n rẹ egbò náà sí. Mo ti rí ẹni tó kọ bíà nítorí ara rẹ̀ tó sì gbé ife bitters mì ní òwúrọ̀ bí ẹni tó ń lo oògùn ibà. Àwọn oògùn ikọ́ olómi kan náà ní ọtí nínú.

Ẹmu ọ̀pẹ tún ní ìwà tirẹ̀. Láti ìgbà tó bá ti ń kán sínú agbè ni ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Èyí tó dùn mìnrìn ní òwúrọ̀ lè ti le gan-an nígbà tó bá fi di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ní "ẹmu kì í ṣe mí ní nǹkan kan" lè jẹ́ pé ẹmu àárọ̀ nìkan ló mọ̀.

Nígbà tí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà nínú ìgò

Ìbéèrè kan wà tó ń la ọ̀nà: ta ló tún ṣe lára àwọn tó mu nínú ìgò kan náà? Bó bá jẹ́ ènìyàn kan ṣoṣo, ara rẹ̀ tàbí oògùn tó lò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ wọn, ẹ fi ìgò náà pamọ́ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì sáré.

Akpeteshie, ọtí líle tí wọ́n ń pọn láti inú ẹmu tàbí ìrèké ní Ghana, gba orúkọ rẹ̀ láti inú èdè Ga, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé wọ́n ń fara pamọ́. Ìjọba amúnisìn ló fòfin dè é ní àwọn ọdún 1930, tí àwọn ènìyàn fi ń pọn ọ́n ní kọ̀rọ̀. Ohun tí a bá ń ṣe ní kọ̀rọ̀ kì í ní ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá pọn irú ọtí bẹ́ẹ̀ tí kò dára, tàbí tí wọ́n fi kẹ́míkà lú u, methanol lè wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ náà ni yóò tú u palẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ọ́ dà burú ju òun fúnra rẹ̀ lọ: ásíìdì tó ń jẹ iṣan ojú. Wákàtí méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè kọjá kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó kéré tán ènìyàn 18 ló kú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Orí fọ́ wọn, ojú wọn fọ́, wọ́n sì kú. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ gbilẹ̀ ní ìlú ni pé òrìṣà Mólókun ló ń bínú nítorí àwọn kan tó wọ ojúbọ rẹ̀. Àyẹ̀wò ló fi hàn pé methanol ni, nínú ògógóró. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ìjọba Nàìjíríà fòfin de ògógóró. Àwọn dókítà ní oògùn methanol, fomepizole, tàbí kí wọ́n fi ìwọ̀n ọtí gidi dí i lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n aláìsàn gbọ́dọ̀ tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Gbogbo wákàtí tí wọ́n fi ń wá ẹni tó ṣẹ òrìṣà ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn aláìsàn.

Báwo ni a ṣe ń bá a gbé?

Kò sí oògùn tó ń wo àìfaradà ọtí tí a bí mọ́ni, kò sì sí ìdí láti fi ara kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ bí àwọn kan ṣe ń gbani nímọ̀ràn. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé kò sí ìwọ̀n ọtí tí kò léwu fún ìlera, nítorí náà ẹni tó jáwọ́ kò pàdánù nǹkan kan ní ti ara. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èwo gan-an ló ń bá a jà, kó kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tó mu, ohun tó jẹ, oògùn tó lò láàrin ọjọ́ mẹ́ta, àti ìṣẹ́jú mélòó kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé yẹn wúlò fún dókítà ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Ẹnu àwọn ènìyàn ló le jù. Níbi ìsìnkú kan, mo rí ìyá àgbà kan tí wọ́n gbé ife lé lọ́wọ́. Ó fi ètè kàn án, ó da ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ, ó sì dá ife padà. Kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè. Nílé wa náà, níbi ìsọmọlórúkọ àti ìyàwó, omi wà lórí àwo àdúrà ní ẹ̀gbẹ́ ọtí, a kì í sì í bá omi ṣọ̀tá. Ẹni tó bá fi ètè kan ife ti jẹ́ tiwọn, kò dìgbà tó bá gbé e mì.

Ọ̀rẹ́ mi ti Osu kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò dùn mọ́ ọn bí wọ́n ṣe wò ó lọ́jọ́ náà, n kò sì bá a wí. Mo mú ìwé ìlò Flagyl kan lọ sílé rẹ̀, mo fi ìka tọ́ka sí ìlà náà fún un. Nísinsìnyí, kó tó pe ẹni tó ń ta ọtí, ó ní láti kọ́kọ́ yíjú sí mi: "Ṣé o ò lo nǹkan kan lọ́sẹ̀ yìí?"